ÌSÀLẸ̀ ÈKÓ ÀTI ÀWỌN ÌLÚ TUNTUN: NÍBO NI KÍ OWÓ ÌLÚ MÁA WỌLÉ SÍ?

Ọ̀ràn kan wà nílẹ̀ tí ó tó kí gbogbo ọmọ Èkó, àti gbogbo ẹni tí ń ṣòwò ní Èkó, jókòó kí wọ́n sì rò ó jinlẹ̀. Ọ̀ràn náà ni èyí: owó tí ìlú ní láti fi tún ara rẹ̀ ṣe, ṣé àárín ìlú àtijọ́ ni kí a ná an sí, àbí àwọn ìlú tuntun tí a ń tẹ̀ dó sí etí òkun àti sí ìhà Ìbẹ̀jú àti Ẹ̀pẹ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀ràn àwọn olówó àti àwọn aláṣẹ nìkan ni èyí, pé kò kan ẹni tí ń ta aṣọ ní Balógun. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ibi tí owó bá wọlé sí ni èrò ń wọ́ lọ, ibi tí èrò bá sì wọ́ lọ ni ọjà ń bá wọn lọ. Ẹni tí ó ní ìsọ̀ kan ṣoṣo ní Ìdúmọ̀tà, kí ó mọ̀ dájú pé ọ̀ràn yìí wà nínú àpò òun.

Kí á tó dájọ́, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń jiyàn lé lórí. Ìlú tuntun tí à ń wí yìí kì í ṣe àdúgbò bí àwọn bàbá wa ti mọ àdúgbò sí, níbi tí ẹnì kan ra ilẹ̀ lónìí, tí ẹlòmíràn sì kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ni í gba gbogbo ilẹ̀ náà, tí í ya àwòrán rẹ̀ láti òpin dé òpin, tí í sì pín in sí ibi ilé gbígbé, ibi ọ́fíìsì, ibi ìtajà, ibi ilé-ẹ̀kọ́ àti ibi ilé ìwòsàn, kí ẹni tí ń gbé ibẹ̀ má baà ní ohun tí yóò wá ṣe ní ìlú mọ́. Èkó Atlantic ni èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù. Láti nǹkan bí ọdún 2009 ni a ti ń da yanrìn sí òkun níbi tí Bar Beach wà rí, kí a lè rí ilẹ̀ tí ó tó hẹ́kítà 1,000, a sì fi ògiri òkúta tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 8.5 dí òkun náà. Àwọn tí ó ni iṣẹ́ náà sọ pé 250,000 ènìyàn ni yóò máa gbé ibẹ̀, tí 150,000 mìíràn yóò sì máa wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lójoojúmọ́. Iye yẹn kò tí ì pé rárá. Ilẹ̀ òfìfo ṣì pọ̀ níbẹ̀ ju ilé lọ.

Èkejì ni Alaro City, ní ìhà Ẹ̀pẹ́, tí a kéde ní oṣù January ọdún 2019. Ilé-iṣẹ́ Rendeavour àti Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ni wọ́n jọ dá a sílẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ sì tó hẹ́kítà 2,000. Kí òǹkàwé wa lè mọ bí èyí ti tóbi tó, gbogbo ilẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Lagos Island, tí Ìsàlẹ̀ Èkó, Olówógbowó, Pópó Àgùdà, Ẹ̀yìn Ìgbẹ̀tì àti ọjà Balógun wà nínú rẹ̀, kò pé hẹ́kítà 900. Ìyẹn ni pé a ya àwòrán ìlú kan tí ó ju ìlọ́po méjì Ìsàlẹ̀ Èkó àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ, lórí bébà, láàárín ọjọ́ kan. A kò sì lè sọ pé àlá lásán ni, nítorí iṣẹ́ gidi ti wà ní ìhà ibẹ̀: èbúté ńlá Lẹ́kì ni a ṣí ní January 2023, ilé ìfọpo Dangote sì tẹ̀lé e ní May ọdún kan náà.

Kí ló wá dé tí owó fi ń sá kúrò ní àárín ìlú? Àwọn kan yóò sọ pé ojúkòkòrò àwọn olówó ni. Èyí kò tó. Ìdí tí ó pọ̀ wà níbẹ̀, ẹni tí ó bá sì fẹ́ wo àrùn sàn gbọ́dọ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1976 ni ìjọba ológun pàṣẹ pé kí olú-ìlú Nàìjíríà kúrò ní Èkó lọ sí Abuja, nígbà tí ó sì di December 1991, ìjọba kó lọ. Àwọn ọ́fíìsì tí ó kún Broad Street àti Ẹ̀yìn Ìgbẹ̀tì pàdánù ayálégbé tí ó tóbi jù lọ. Báńkì àti ilé-iṣẹ́ ńláńlá tún ń kọjá odò lọ sí Victoria Island àti Ìkòyí lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí kò sí àyè tí ọkọ̀ wọn yóò dúró sí, iná mànàmáná kò dúró, àwọn ọmọ ìta kò sì jẹ́ kí òṣìṣẹ́ wọn rìn fàlàlà.

Ìdí kejì ni ilẹ̀. Ilé kan ní Ìdúmàgbò lè jẹ́ ti ẹbí kan tí bàbá ńlá wọn ní ìyàwó mẹ́rin. Lónìí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti di ogójì: apá kan wà ní London, apá kan wà ní Sùúrùlérè, apá kan kò bá apá kejì sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá ra ilé náà lọ́wọ́ ẹ̀ka kan, kí ó máa retí ìwé ìpẹ̀jọ́ láti ọ̀dọ̀ ẹ̀ka mẹ́ta tí ó kù. Kò sí báńkì tí yóò fi ọkàn balẹ̀ yá ènìyàn lówó lé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lórí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ẹni tí ó bá fẹ́ ilẹ̀ gbọọrọ ní ẹ̀yìn odi ìlú lè gba ìwé kan ṣoṣo tí gómìnà fọwọ́ sí. Owó dà bí omi: ibi tí ó tẹ́jú ni í ṣàn gbà.

Nígbà tí owó ti ṣàn lọ, kí ni ó kù fún àárín ìlú? Ẹ wo ilé alájà 32 tí ó wà ní Ẹ̀yìn Ìgbẹ̀tì, èyí tí a parí ní ọdún 1979 fún ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ti ìjọba, tí ó jẹ́ ohun ìyangàn gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Iná jó o ní ọdún 1983. Ẹ wo Independence House, tí a kọ́ fún òmìnira wa; iná jó òun náà ní ọdún 1993. Nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ọ̀pọ̀lọpọ̀ ní Balógun, ìsàlẹ̀ ni ọjà wà, òkè sì ti di ibi ìkẹ́rùsí. Aṣọ, bàtà àti ike kún inú yàrá tí a kọ́ fún akọ̀wé. Nígbà tí iná ṣẹ́ ní Balógun ní November 2019, ọjà tí ó jóná kò níye. Ní September 2025 iná tún jó ní Afriland Towers ní Broad Street, ẹ̀mí sì bá a lọ. Ìgbà gbogbo ni a ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà: ọ̀nà há, àtẹ kún ojú títì, ọkọ̀ panápaná kò rí ọ̀nà wọlé. Àwọn àgbà a máa wí pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òótọ́ ni fún ọba, ẹni tí àwọn ènìyàn yóò bá kọ́ òmíràn. Ìsọ̀ ìyá aláṣọ tí ó jó, gbèsè ló bù sí i.

Ẹnì kan lè bi wá pé, bí olówó bá fi owó ara rẹ̀ kọ́lé sí ibi tí ó wù ú, kí ló kan ẹnikẹ́ni? Bí ọ̀ràn bá rí bẹ́ẹ̀ ni, àwa kì bá tí mú gègé sọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ilé kì í dá dúró. Ó ń fẹ́ títì, ó ń fẹ́ omi, ó ń fẹ́ gọ́tà, ó ń fẹ́ panápaná àti ọlọ́pàá. Láàárín ògiri ìlú tuntun, ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín lè ṣe púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí. Ọ̀nà tí a ó gbà dé ẹnu ògiri náà ńkọ́? Ẹ rántí ọ̀nà Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́. A gbé e fún ilé-iṣẹ́ kan kí ó tún un ṣe, kí ó sì máa gba owó ibodè lọ́wọ́ àwọn tí ń gba ibẹ̀ kọjá. Ní December 2011 gbígba owó bẹ̀rẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ sì fárí gá. Nígbà tí ó di ọdún 2013, Ìjọba Ìpínlẹ̀ ra ẹ̀tọ́ náà padà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà. Báyìí ni ẹrù tí a ní kí àwọn tí ń lo ọ̀nà rù ṣe padà bọ́ sí ọrùn gbogbo ará ìpínlẹ̀, àti ti ẹni tí ń gbé Agége tí kò tẹ ọ̀nà náà rí.

Ní ọdún 2024 ẹ̀wẹ̀, Ìjọba Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà etí òkun tí yóò ti Èkó lọ dé Calabar. Apá kìíní rẹ̀, tí ó jẹ́ kìlómítà 47.47 láti Victoria Island lọ sí ìhà èbúté Lẹ́kì, ₦1.06 tírílíọ̀nù ni iye tí a kéde fún un. A kò wí pé ọ̀nà náà kò wúlò. Èbúté ń fẹ́ ọ̀nà, ẹrù kì í fò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sùn lálẹ́, nígbà tí ó jí lówùúrọ̀, ilẹ̀ rẹ̀ ti gbówó lórí, kò sì fi kọ́bọ̀ kan lé e. Ta ni ó mú ilẹ̀ náà gbówó lórí? Owó ìlú ni. Ó tọ́ nígbà náà kí ìlú gba ìpín tirẹ̀ nínú èrè náà.

Ní ìdà kejì, ẹ jẹ́ kí á ka ohun tí a ti ná sí àárín ìlú, tí ó sì wà níbẹ̀ láìlò dáadáa. Afárá mẹ́ta ni ó so erékùṣù Èkó mọ́ orí ilẹ̀: Carter, Èkó, àti Third Mainland tí a ṣí ní ọdún 1990, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 11.8. Láti ọdún 2008 ni bọ́ọ̀sì BRT ti ń ná ọ̀nà CMS. Ní September 2023 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Mile 2 wá sí Ẹ̀yìn Ìgbẹ̀tì, kìlómítà 13, lẹ́yìn iṣẹ́ tí ó gbà ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ọkọ̀ ojú omi sì wà. Kò sí ibì kan ní ìpínlẹ̀ yìí tí ọ̀nà pọ̀ dé tó báyìí. A ti fi owó gọbọi mú àlejò dé ẹnu ọ̀nà ilé wa, ṣùgbọ́n a kò gbá ilé, a kò sì tẹ́ ẹní tí yóò jókòó sí.

Ìṣirò mìíràn tún wà tí oníṣòwò yóò tètè mọ̀. Gọ́tà tí ó gùn tó ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà, ogún ìsọ̀ àti ọgbọ̀n ìdílé ni wọ́n jọ ń lò ó, gbogbo wọn sì ń san owó ìsọ̀, owó ilé àti owó orí. Irú gọ́tà bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀yìn odi ìlú, ilé olówó kan tàbí méjì ni ń lò ó. Bí a bá tún ti Ìdúmọ̀tà ṣe, púpọ̀ ènìyàn ni yóò jẹ nínú rẹ̀, púpọ̀ ènìyàn ni yóò sì san án padà. Ọjà pẹ̀lú kì í ṣe ilé lásán. Àkójọpọ̀ ènìyàn ni. Oníbàárà tí ó ti Cotonou tàbí Lomé wá ra aṣọ ní Balógun, ó wá nítorí pé bí kò bá rí i ní ìsọ̀ kìíní, yóò rí i ní ìsọ̀ ogún. Kò sí ayàwòrán ilé tí ó lè fi ọdún márùn-ún dá irú rẹ̀ sílẹ̀ nínú ògiri. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ẹni tí ó bá wí pé òun fẹ́ tún àárín ìlú ṣe lè ba ayé àwọn ará ibẹ̀ jẹ́. Èkó ti rí èyí rí. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn eku tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1924, ìjọba òyìnbó dá ìgbìmọ̀ kan tí a ń pè ní LEDB sílẹ̀ ní ọdún 1928 láti tún ìlú ṣe. Láti ọdún 1955 ni ìgbìmọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín Èkó, tí a sì ní kí àwọn onílé lọ máa gbé Sùúrùlérè. Ọ̀mọ̀wé Peter Marris, tí ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1961, tọ àwọn ènìyàn náà lọ, ó sì bi wọ́n léèrè. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá tí ń tajà ti pàdánù oníbàárà wọn, pé owó ọkọ̀ ń jẹ èrè, pé ìyá àti ọmọ tí ń jẹun nínú agbo ilé kan náà ti di ẹni tí ń wọ bọ́ọ̀sì kí wọ́n tó fojú kan ara wọn. Ilé tuntun dára, ṣùgbọ́n ọ̀nà oúnjẹ wọn ti já.

Nǹkan tí ó jọ ọ́ kò tán lẹ́yìn òmìnira. Iná jó ọjà Tẹ́júoṣó ní Yábà ní ọdún 2007. Nígbà tí a parí ọjà tuntun tí a sì ṣí i ní ọdún 2014, igbe ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ti ní ìsọ̀ níbẹ̀ rí ni pé owó rẹ̀ ti ga ju agbára àwọn lọ. Ilé Ilójò ní Ìta Tinúbú, tí àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil padà wá kọ́ ní ọdún 1855, tí ìjọba sì kéde ní ọdún 1956 pé ó jẹ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, a wó o palẹ̀ ní September 2016. Ẹ̀yìn odi ìlú pàápàá kò mọ́ lọ́rùn: ní July 1990, ìjọba ológun lé àwọn ará Máròkó, tí a ṣírò sí nǹkan bí 300,000, kúrò nínú ilé wọn, ibẹ̀ sì ti di ibi tí olówó ń gbé lónìí. Nítorí náà, yálà àárín ìlú ni o, yálà ẹ̀yìn odi ni o, ìbéèrè tí ó yẹ kí ará ìlú máa bi ẹni tí ó gbé owó wá ni pé: àwa tí o bá níbẹ̀ ńkọ́?

Àwọn kan yóò wí pé àárín ìlú ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ó tì o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo Ìbàdàn. Ilé Kòkó tí ó wà ní Dùgbẹ̀, tí a parí ní ọdún 1965, iná jó o ní January 1985. A kò pa á tì kí a lọ kọ́ òmíràn sí inú igbó. A tún un ṣe, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní tí ènìyàn ń wọ ọ́, tí ènìyàn ń jáde. Ní Èkó níhìn-ín, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ tí ó wà ní Broad Street ni a sọ di Freedom Park ní ọdún 2010, níbi tí ènìyàn ń ṣeré, tí wọ́n sì ń jẹun. Bí a bá lè sọ ẹ̀wọ̀n di ibi ìgbádùn, a lè sọ ọ́fíìsì òfìfo di ilé gbígbé.

Èrò tiwa nìyí. Èkó ń dàgbà, erékùṣù kan kò sì lè gba gbogbo ọmọ rẹ̀. A kò lè wí pé kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé sí Ìbẹ̀jú tàbí Ẹ̀pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ ìlú tuntun dó, kí ó san owó ọ̀nà, omi àti gọ́tà tí ìlú náà yóò lò, nínú ògiri àti lẹ́yìn ògiri. Kí ó sì ya àyè sílẹ̀ fún ilé tí akọ̀wé, awakọ̀ àti aláṣẹ́lọ́bọ̀ tí yóò máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lè háyà. Owó ìlú ní tirẹ̀, ibi tí àwọn ènìyàn wà tẹ́lẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ lọ. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ìjọba ni a kọ́kọ́ bẹ̀. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ omi panápaná sí gbogbo ìkóríta ọjà, kí wọ́n ṣí ọ̀nà kan fún ọkọ̀ panápaná ní Balógun tí àtẹ kò ní dí, kí wọ́n sì wá àyè mìíràn nítòsí fún àwọn tí ọ̀nà náà bá kàn. Kí wọ́n dín owó orí ilé kù fún onílé tí ó bá sọ òkè ilé rẹ̀ di ibi gbígbé, kí wọ́n sì fi kún un fún ẹni tí ó fi ilé alájà sílẹ̀ kí ó máa jẹrà. Kí a má ṣe wó ọjà kankan kí a tó kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó ní ìsọ̀ níbẹ̀ sílẹ̀, kí a sì fi ìwé ṣe ìlérí ìsọ̀ tuntun fún wọn ní iye tí wọ́n lè san.

Ẹ̀yin ẹbí onílẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ọ̀rọ̀ kan yín pẹ̀lú. Ní ọdún 1921, Ìgbìmọ̀ Ọba ní London dájọ́ nínú ẹjọ́ Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, pé ẹ̀tọ́ àwọn ará ìlú lórí ilẹ̀ wọn ní Àpápá dúró, àti pé ìjọba gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀. Ẹ̀tọ́ tí àwọn bàbá wa la òkun kọjá lọ gbà, kí á má ṣe fi ìjà sọ ọ́ di òkúta ìdìgbòlù. Ẹ pe ìpàdé ẹbí, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹ̀ka sílẹ̀, ẹ pín ìpín lórí ìwé níwájú lọ́yà. Ẹ má ta ilẹ̀ náà. Ẹ fi háyà fún ọdún 40 tàbí 50 fún ẹni tí yóò kọ́ ọ, kí ó padà sọ́wọ́ àwọn ọmọ yín pẹ̀lú ilé lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà àti ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ má jókòó títí a ó fi wá fi ọ̀dà pupa sàmì sí ògiri ìsọ̀ yín. Ẹ kó ẹgbẹ́ jọ, ẹ pa ìwé owó ìsọ̀ yín mọ́, ẹ béèrè àwòrán gbogbo iṣẹ́ tí a bá fẹ́ ṣe ní ọjà yín kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ kó ẹrù kúrò lójú ọ̀nà panápaná pẹ̀lú, nítorí ẹni tí ó ń béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí ọ̀nà ìgbàlà.

Ìlú tí ó pa àárín rẹ̀ tì, tí ó ń sáré kọ́ etí rẹ̀, ó dà bí ẹni tí ó wọ aṣọ àrán tí kò jẹun sínú. Kí Ọlọ́run fún àwọn aláṣẹ wa ní ọgbọ́n, kí ó sì fún àwa ará ìlú ní ohùn kan. Èkó kò ní bàjẹ́ o.